Ẹsẹ̀ Tó Wó Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì Bàbá Àgbà

Ọjọ́ kan wà tí n kò ní gbàgbé títí tí n ó fi wọ káà ilẹ̀: ọjọ́ tí mo fi ẹnu gbèjà ilé bàbá bàbá mi, tí mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi wó o.

Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alámọ̀ ni ilé náà, ní Ìkẹ́rẹ́, lẹ́bàá títì tó lọ sí Àkúrẹ́. Bàbá àgbà kọ́ ọ nígbà tó ní bọ́lẹ̀kájà tó ń kó kòkó àti èrò. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ iwájú rẹ̀ gbòòrò, torí ibẹ̀ ni àwọn èrò máa ń jókòó ti ẹrù wọn kí ọkọ̀ tó gbéra ní ìdájí. Nígbà tí mo fi gbọ́njú, bọ́lẹ̀kájà ti di àfẹ́kù. Ọ̀kadà àti takisí ló ń sáré kọjá, ẹnikẹ́ni kì í dúró níbẹ̀ mọ́. Ìyàwó bàbá àgbà tó kéré jù, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, nìkan ló kù nínú ilé, nínú yàrá kan ní ìsàlẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wá pe ìpàdé ẹbí. Ó fẹ́ wó ilé kó lè kọ́ ṣọ́ọ̀bù síbẹ̀. Èmi tí mò ń gbé l'Ékòó, tí mo ti fi fọ́tò ilé náà yangàn ní ọ́fíìsì títí ó fi sú wọn, mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ lójú mi. Mo kó sí mọ́tò.

Ojú ọ̀nà ni ìyà ti bẹ̀rẹ̀. Táyà ọkọ̀ wa bẹ́ lẹ́yìn Àkúrẹ́, mo bá gun ọ̀kadà. Òjò ti rọ̀, ọ̀kadà yọ̀, èmi àti ọlọ́kadà bá ara wa nínú ẹrẹ̀. Bí mo ṣe wọlé, mo dà bí iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà nínú ebè.

"Ta rèé?" ẹ̀gbọ́n bàbá mi béèrè.

"Èmi ni, sà. Ẹ kú ilé, sà."

"Háà, lọ́yà wa dé!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Mo lọ ṣan ara ní ẹ̀yìnkùlé. Ibẹ̀ ni Ìyá Àgbà ti fà mí lápá. "Ọmọ mi, bá mi bẹ̀ wọ́n. Mi ò fẹ́ kú sí ulé onílé." Kò sunkún. Ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mo ní orí òkè ni ká ti ṣèpàdé, nínú pálọ̀ bàbá àgbà, kí wọ́n lè rí i pé ohunkóhun ò ṣe ilé. Wọ́n gòkè bí ẹni tó ń rìn lórí ẹyin. Mo dìde, mo sọ̀rọ̀ ìtàn, mo sọ̀rọ̀ àṣà, mo da gẹ̀ẹ́sì pọ̀ mọ́ ọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kàn ní, "Ikán ti jẹ pákó tí o dúró lé, ìwọ ọmọ yìí."

"Ikán wo, sà? Ẹ wò ó!" Mo fẹsẹ̀ janlẹ̀. Kò sí nǹkan kan. Orí mi wú, mo fò sókè, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì balẹ̀.

Pákó já. Mo wọlẹ̀ dé ìbàdí. Apá mi há sókè, ẹsẹ̀ mi ń rọ̀ dirodiro nínú yàrá ìsàlẹ̀, amọ̀ sì ń ya lulẹ̀. Mo gbọ́ ohùn Ìyá Àgbà lábẹ́ mi: "Yéè! Ẹsẹ̀ ta rèé?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wo gbogbo ẹbí yíká. "Ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni ṣì ní ọ̀rọ̀ láti sọ?"

 Wọ́n fà mí yọ, ìdajì ṣòkòtò mi dúró sínú ihò. Ìró Ìyá Àgbà ni mo ró dé ilé ìwòsàn.

Kò pẹ́ rárá tí katapílà fi dé. Wọ́n gbé Ìyá Àgbà lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ l'Ádó, nínú fúláàtì tí fẹ́ǹsì rẹ̀ ga débi pé kò rí títì. Nígbà tí mo lọ kí i, mo ní kó má bínú.

"Bínú kẹ̀?" ó ní. "Ìwọ nìkan lo gbẹnu sọ fún mi. Ibí yìí ló kàn dákẹ́ jù."

Ó kú kí wọ́n tó kan òrùlé ṣọ́ọ̀bù.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń rò ó: ìyá yẹn á ti máa gbọ́ bí ikán ṣe ń jẹ igi lókè orí rẹ̀, lọ́dọọdún, mi ò sì wá wò ó. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí báyìí pé kí la fi ń gba ilé àtijọ́ là, mo máa ń ní oògùn ikán ni, kì í ṣe gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á bá wọn rín díẹ̀.