Ọmọ Ọdẹ Ní Fordham

Òwúrọ̀ Sátidé yẹn tutù jẹ́jẹ́. Titus ń mu tíì nílé Adétóun ní University Heights ní Amẹ́ríkà, Màmá Adétóun sì ń wo ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn láti orí dé ẹsẹ̀. Ọjọ́ Ajé ni Màmá ń padà sí Abẹ́òkúta. Ọ̀rọ̀ ẹnu wọn nìkan ni ìgbéyàwó náà ń dúró dè.

Ọmọlúàbí ni Titus, àfi pé kò lè sọ pé òun ò mọ nǹkan. Wọ́n ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, ká fi tọmọ jẹ́ ẹ. Titus, tí ẹnikẹ́ni ò rán níṣẹ́, a máa fi tọba jẹ́ ẹ. Kí tíì tó tán, ó ti sọ fún Màmá pé ọdẹ ni baba òun, pé kò sí ẹran igbó tí òun ò mọ̀.

"Ó dáa," ni Màmá wí. "Ẹ mú mi lọ wò wọ́n."

Nínú yàrá kan tó ṣókùnkùn ní ọgbà ẹranko, ẹran kékeré funfun kan, onímú gígùn, ń rìn lẹ́yìn gíláàsì.

"Òkété nìyẹn, mà," ni Titus wí.

Nicole, obìnrin tó ń tọ́jú àwọn ẹran náà, rẹ́rìn-ín. "Kì í ṣe òkété, sà. Gymnure ni. Igbó Éṣíà ló ti wá. Ìbátan ẹran ẹlẹ́gùn-ún tó máa ń ká bíi bọ́ọ̀lù ni, àmọ́ irun ló wà lára tirẹ̀."

Adétóun túmọ̀ rẹ̀ fún Màmá. Titus mi orí. "Ọmọ Amẹ́ríkà. Ibo ló ti rí òkété?"

Nicole ṣí ike kan tí aṣọ tí ẹran náà ń sùn lé wà nínú rẹ̀. "Òórùn ló fi ń dáàbò bo ara rẹ̀. Ẹ má sún mọ́ ọn jù."

Òórùn àlùbọ́sà tó ti jẹrà fò jáde. Màmá fi ìborùn bo imú.

"Ọmọ ọdẹ kì í sá fún òórùn ẹran," ni Titus wí. "Baba mi a máa fi pa ara kí wọ́n tó wọgbó." Ó já aṣọ náà gbà, ó fi nu ọrùn, ó fi nu ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì.

"Sà," ni Nicole wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "ọṣẹ kì í tètè mú un kúrò."

Wọ́n wọ tíréènì ní Fordham, wọ́n ń lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n Adétóun ní Canarsie. Ọkùnrin kan tó ń jẹ písà wo písà rẹ̀ tìfuratìfura. Obìnrin kan gbóòórùn ìdí ọmọ rẹ̀, ó sì bẹ ọmọ náà pé kó má bínú. Ẹni tó ń sùn jí, ó sọ̀ kalẹ̀ níbi tí kì í ṣe ibi tó ń lọ. Nígbà tó yá, ó ku àwọn mẹ́ta nínú kóòṣì náà.

"Titus," ni Màmá wí láti ìdí ilẹ̀kùn.

"Mà."

"Ṣé òórùn yìí náà ni baba rẹ máa ń gbé wọlé?"

Omi ti ń dà lójú Titus. "Mà, télọ̀ ni baba mi."

"Kí ló ṣe télọ̀? Télọ̀ ni baba tó bí èmi náà. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi rán mi nílé-ìwé."

Adétóun wo ojú ìyá rẹ̀, ó rí ìdáhùn ìgbéyàwó níbẹ̀: rárá. Ilẹ̀kùn ṣí, àwọn méjèèjì sì bọ́ sí kóòṣì tó tẹ̀ lé e.

Ọ̀sán Sátidé ni, tí èèyàn kì í rí ibi fẹsẹ̀ sí nínú tíréènì. Gbogbo ìjókòó inú kóòṣì tí wọ́n fi sílẹ̀, Titus nìkan ló ni ín.