Firmin Fi Epo Ọbẹ̀ Wa Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹ bá mi wo ọkùnrin yìí. Sakété ló ń gbé, Sakété ló ti ń ṣiṣẹ́ akọ̀wé, omi tó sì pọ̀ jù ládùúgbò rẹ̀ ni èyí tó wà nínú àmù ìyàwó rẹ̀. Síbẹ̀, ó ra ọkọ̀ ojú omi! Firmin lorúkọ rẹ̀, àṣehàn sì ni àìsàn tó ń bá a jà.

Òyìnbó kan tó ń kó ẹrù rẹ̀ padà sílùú wọn ló ta ọkọ̀ náà fún un, tòun ti ẹ̀rọ ìdí rẹ̀. Firmin so ó mọ́ etí ọ̀sà ní Àjàṣẹ́. Tó bá ti di ọjọ́ Ìsinmi, á dé fìlà òyìnbó, á fi awò dúdú bojú, á wọ tákísì lọ síbẹ̀, á sì máa fi ọkọ̀ sáré yípo lórí omi. Kò pẹja. Kò kó èrò. Kò lọ síbì kankan. Ó kàn ń yí ni.

Bí apẹja kan bá ń fi àjẹ̀ tukọ̀ kọjá, Firmin á pariwo pé, "Ẹ kú iṣẹ́ apá o! Tèmi ń dá ṣiṣẹ́ ni!"

Ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dahomey nígbà náà. Ọdún yẹn ni àwọn Lárúbáwá bínú, tí wọ́n di ẹnu kànga epo wọn, ni esáǹsì, epo tí ọkọ̀ ń mu, bá gbówó lórí. Àwọn ọlọ́gbọ́n gbé alùpùpù wọn kalẹ̀, wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn. Firmin ńkọ́? Kàkà kó fi ọkọ̀ sílẹ̀, oúnjẹ ilé ló gé. Ẹja kúrò nínú ọbẹ̀. Àtùpà di ohun tí wọ́n ń tàn fún àlejò nìkan. Bàtà Huguette, ọmọ wọn, já, bàbá rẹ̀ ní kó máa fẹsẹ̀ lásán lọ síléèwé.

Claudine, ìyàwó rẹ̀, bi í pé, "Bàbá Huguette, ṣé ọkọ̀ la ó máa jẹ ni?"

"Ẹni tó máa gun ọkọ̀ ojú omi kì í wo ẹnu ìkòkò ọbẹ̀!"

Ẹ ò rí òwe tuntun!

Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù fún Claudine ni kẹ́ẹ̀gì epo pupa tí Bàbá Èṣùbíyìí, bàbá tó bí i, fi ránṣẹ́ sí i láti Igana, lẹ́bàá Pobè. Òun ni wọ́n máa fi se ọbẹ̀ títí ẹyìn mìíràn yóò fi pọ́n. Ó gbé e sábẹ́ ibùsùn, ó faṣọ bò ó.

Firmin sì ti ránṣẹ́ pe àna rẹ̀ yìí pé kó wá wo ọkọ̀. Ẹ̀rọ náà kì í mu esáǹsì lásán o. Wọ́n ń po òróró ẹ̀rọ díẹ̀ mọ́ ọn kí inú rẹ̀ má baà gbẹ. Òróró yẹn náà ti wọ́n bí ojú. Firmin wá ronú.

"Kí ni òyìnbó ń kó epo pupa Pobè lọ ṣe nílùú wọn?" ó bi ara rẹ̀. "Ṣé wọ́n ń fi se ilá ni? Ẹ̀rọ wọn ni wọ́n ń fi í pa lára!"

Ó yọ́ wọ yàrá, ó gbé kẹ́ẹ̀gì náà lọ pátápátá, ó dà á mọ́ esáǹsì.

Ọjọ́ Ìsinmi pé. Bàbá Èṣùbíyìí jókòó síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú fìlà àtàtà lórí, Claudine jókòó sáàárín. Firmin fa okùn. Ẹ̀rọ wúkọ́, ó gbà.

"Bàbá, ẹ di ọkọ̀ mú o! Eré òyìnbó rè é!"

Wọn ò tíì dé àárín ọ̀sà tí èéfín fi bò wọ́n mọ́lẹ̀. Bàbá na imú sókè.

"Firmin, ta ní ń din àkàrà lórí omi?"

"Òórùn ìlọsíwájú ni, Bàbá."

Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja tó wà létí omi pariwo pé, "Ẹ bá wa mú tiwa wá o! Ẹ má gbàgbé ata!"

Claudine kò rẹ́rìn-ín. Ta ni kì í mọ òórùn epo ilé ara rẹ̀? "Bàbá Huguette! Epo mi!"

Ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ké gbì, ó sì dákẹ́. Firmin fa okùn títí, okùn já sí i lọ́wọ́. Àjẹ̀ ńkọ́? Kò sí. Firmin ti ní òun ò lè gbé irinṣẹ́ tálákà sínú ọkọ̀ òun.

Kí ni ọmọ Ànàgó ń ṣe bó bá ṣẹ àna rẹ̀? Ó ń dọ̀bálẹ̀ ni. Firmin gbàgbé pé orí omi lòun wà, ó na gbalaja síwájú Bàbá. Ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, ó fì sósì, omi rọ́ wọlé. Fìlà Bàbá bómi lọ, fìlà òyìnbó orí Firmin tẹ̀ lé e.

"Dìde!" Bàbá figbe ta. "Mo ti foríjì ọ́! Jẹ́ ká dé ilẹ̀ ná kó o tó bẹ̀ mí!"

Apẹja kan ló fi okùn fà wọ́n dé èbúté. Ó kàn ń wo Firmin, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Bàbá Èṣùbíyìí gba Igana lọ láìdé fìlà, Firmin sì gbé òkú ẹ̀rọ náà wálé, ó gbé e sí igun pálọ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ebi lé akọ̀wé wa kúrò níbi iṣẹ́. Claudine gbé ọ̀kà gbígbóná síwájú rẹ̀. Firmin fọwọ́, ó bu òkèlè ńlá, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Ọbẹ̀ dà?"

Claudine nawọ́ sí igun pálọ̀.

"Epo rẹ̀ wà nínú ẹ̀rọ. Ẹ ṣí ìdérí rẹ̀, kí ẹ máa fi òkèlè yín bọ̀ ọ́."