Ata Tó La Èyíwùmí Lójú

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa á lówe pé bí a bá ń sunkún, à máa ríran? Ẹ má dáhùn. Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ jẹ́ kí n wí.

Ọmọbìnrin kan wà tó ń jẹ́ Èyíwùmí. Ìrìn àjò niṣẹ́ ẹ̀: á wọ ìlú onílùú, á fi fóònù ya fíìmù ibẹ̀, á gbé e bọ̀ wálé. Kò kọ́ ọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó yà á, ó bàjẹ́, ó tún un yà, bẹ́ẹ̀ ló ṣe mọ̀ ọ́n. Òkè ló sì máa ń yà, òkè àti ojú ọ̀run àti odò tó ń ṣàn lọ jẹ́jẹ́. Tó bá rí ènìyàn níwájú òkè, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi sún kúrò níbẹ̀."

Wàhálà ibẹ̀ ni pé kò sẹ́ni tó lè wo fíìmù náà parí. Màmá Ṣubúọlá, ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó tọ́ ọ dàgbà, kì í kọjá òkè kejì tó fi máa ń hanrun. Lọ́jọ́ kan, ó jí, ó nu itọ́ ẹnu rẹ̀, ó ní: "Èyíwùmí ọmọ mi, mo gbádùn oorun yẹn. Ṣùgbọ́n mo ti bá aránṣọ kan sọ̀rọ̀. Lọ ya ọ̀kan sí i wá. Tí mo bá tún sùn, o di ọmọṣẹ́ aránṣọ nìyẹn."

"Màmá, ẹ ò ní sùn," ni Èyíwùmí wí. Ẹ̀rù ń bà á gan-an, àmọ́ ó di ẹrù rẹ̀, ó gbọ̀nà.

Ó dé abúlé kan lẹ́sẹ̀ òkè, níbi tí Ìyá Láníhun àtàwọn obìnrin kan ti ń yan gàrí lábẹ́ àtíbàbà. Ó ní kí wọ́n máa bá iṣẹ́ wọn lọ, òkè ẹ̀yìn wọn lòun fẹ́. Kí òkè lè wọ fóònù tán, ó fẹ̀yìn rìn. Ó fẹ̀yìn rìn títí ìdí rẹ̀ fi kọlu atẹ ata gbígbẹ. Gbogbo ata yẹn dà sínú iná.

Ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ata ṣe ń ṣe nínú iná. Olúkúlùkù bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, omijé ń dà pòròpòrò.

Ọlọ́kadà kan ń kọjá lọ. "Ta ló kú?" Ikọ́ ò jẹ́ kí wọ́n dáhùn. Ó wò yíká, ó rí i pé àga tí Bàbá Láníhun, ọkọ Ìyá Láníhun, máa ń jókòó sí láràárọ̀ ṣófo lábẹ́ igi máńgòrò. "Yéè! Bàbá Láníhun ti lọ!" Ó fi ọ̀kadà kéde rẹ̀ káàkiri. Kó tó pẹ́, gbogbo abúlé ti dé, wọ́n ń sunkún tòótọ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, gbé fóònù sílẹ̀!" ni Ìyá Láníhun wí láàárín ikọ́. "Ṣé o ò mọ̀ pé ò ń sunkún ni?"

"Mo ń sunkún, mà, ṣùgbọ́n mo ṣì ń ríran."

Kò purọ́. Omijé ti pa òkè rẹ́ lójú rẹ̀, ohun tó sún mọ́ ọn nìkan ló kù. Ó rí ọwọ́ Ìyá Láníhun tí kò fi gàrí sílẹ̀ kó jóná. Ó rí ìyá arúgbó kan tó ń ké, tó sì ń yọjú wò bóyá wọ́n ń wo òun. Kò rí irú rẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti ń ya òkè. Ó sún mọ́ wọn sí i.

Ìgbà náà ni Bàbá Láníhun ti oko dé. Ó rí èrò, ó ju iṣu sílẹ̀, ó káwọ́ lérí, ó sunkún ju gbogbo wọn lọ. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó bi ìyàwó rẹ̀ pé, "Ta ló tilẹ̀ kú?"

"Wọ́n ní ẹ̀yin ni."

"Háà! Èmi! Èmi tí mi ò tíì jẹun àárọ̀!" Ló bá tún bú sẹ́kún.

Nígbà tí Màmá Ṣubúọlá wo fíìmù yìí, kò sùn. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Màmá, ẹ jẹ́ kí n dá a dúró, kí ẹ nu ojú yín."

"Dá kí ni dúró? Yẹra níwájú mi jàre! Bí a bá ń sunkún, à máa ríran! Kí aránṣọ yẹn lọ wá ọmọṣẹ́ ẹlòmíràn."

Ẹ má wá bi mí pé ṣé fóònù wà láyé àwọn àgbà. Ṣé ọmọdé ni Màmá Ṣubúọlá ni? Ọjọ́ tí ata bá ta yín lójú, ẹ má dijú o. Bí a bá ń sunkún, à máa ríran.