Ẹ-Fi-Sílẹ̀-Fún-Mi àti Àpótí Tó Ń Sùn

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ sún mọ́ mi níbí. Ìwọ, gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ìró mi kí n lè ráyè rẹ́rìn-ín. Àbúrò ọkọ mi ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, ọkọ mi lèmi náà ń pè é bí ìyàwó ilé, mo sì sọ ọ́ ní Ẹ-Fi-Sílẹ̀-Fún-Mi. Kò sóhun tó bàjẹ́ láyé tí kò mọ̀ ọ́n tún ṣe, àfi èyí tó bá ti fọwọ́ kàn.

Òun ló gbé àpótí íńtánẹ́ẹ̀tì wa kọ́ ara ògiri, èyí tó ń ṣẹ́jú bí ológbò. Ó tẹ kọ̀ǹpútà títí, ó ní òun ti fún àpótí náà lẹ́kọ̀ọ́ ilé, kò ní í máa jẹ iná lásán. A pàtẹ́wọ́ fún un. Láti ọjọ́ náà, bí ẹnikẹ́ni ò bá ti lo íńtánẹ́ẹ̀tì fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á kú fin-ín.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin tó ń ya àwòrán ilé wá kọ̀wé béèrè iṣẹ́ lókè òkun. Wọ́n ní àwọn á pè é lórí kọ̀ǹpútà kó wá dáhùn ìbéèrè. Ọ̀sán tiwọn ni òru tiwa, wọn ò sì sọ aago. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n máa pè. Bí wọn ò bá bá a, wọ́n á pe ẹlòmíì. Ọmọ náà ò lè jẹun. Ó ní òun á jókòó ti kọ̀ǹpútà, kóun máa lò ó láìdáwọ́ dúró títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ-Fi-Sílẹ̀-Fún-Mi ní kó lọ nàyìn.

“Àgbà kì í wà nílé,” ló wí, “kí íńtánẹ́ẹ̀tì ọmọ ó kú. Ẹ fi sílẹ̀ fún mi.”

Ó lọ kó ọ̀rẹ́ mẹ́ta wá: télọ̀, bíríkìlà àti awakọ̀ akẹ́rù. Ó ní ohun tí ọwọ́ ò bá kúrò lára ẹ̀ kì í sùn, torí náà kí wọ́n máa gba àpótí dì mú lọ́wọ́ ara wọn.

Télọ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́wọ́ lé e. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fin-ín. Ọkọ mi ní ọwọ́ télọ̀ ti tutù jù. Wọ́n tún tàn án, bíríkìlà gbà á. Fin-ín. Ọkọ mi ní ọwọ́ bíríkìlà le jù, ẹ̀rù ló ba ẹ̀rọ. Awakọ̀ ní tiẹ̀ ń kọrin sí i létí. Àpótí kú kó tó parí orin. Àwọn àlejò bá nà gbalaja sílẹ̀. Ni ọkọ mi bá gun àga, ó ní kí wọ́n wo ọwọ́ ẹni tó mọṣẹ́, ó gbá àpótí mọ́ra bí ọmọ àná. Kò pẹ́, a gbọ́ ìhanrun. Àpótí sùn, òun náà sùn lórí ìdúró, itọ́ ń kán tó tó sórí télọ̀.

Ọmọ-ọmọ mi jáde, ó rí iná tó ti kú, omi lé ròrò sójú ẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó sùn là ń jí. Wọn ò sọ bí a ó ti ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n pàṣẹ fún pé kó sùn. Èmi tí mi ò kàwé kọjá ABD, mo bi ọmọ náà, “Ta ló tiẹ̀ sọ fún un pé kó máa sùn?”

Ó wò mí. Ó tan àpótí, ó ṣí ojú ewé tí wọ́n ti ń pàṣẹ fún un. Àṣẹ wà níbẹ̀ lóòótọ́: bí ẹnikẹ́ni ò bá lò ó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kó kú. Ọjọ́ tí wọ́n pa á láṣẹ ni ọjọ́ tí ọkọ mi fún un lẹ́kọ̀ọ́ ilé. Ọmọ náà yọ àṣẹ náà kúrò. Kò tíì jókòó dáadáa tí ìpè wọlé. Obìnrin tó pè é béèrè pé àwọn wo ló sùn sẹ́yìn ẹ̀ yẹn. Ọmọ-ọmọ mi ní àwọn ẹnjiníà ilé àwọn ni. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí, ó sì gbà á síṣẹ́.

Ilẹ̀ mọ́, àwọn àlejò ń na ẹ̀yìn jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, télọ̀ ń nu èjìká. Ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò lè wo ojú ẹnikẹ́ni. Àánú ẹ̀ ṣe mí.

Mo ní, “Ọkọ mi, ẹ má bọkàn jẹ́. Nínú gbogbo wa nínú ilé yìí, ẹ̀rọ yẹn nìkan ló gbọ́ràn sí yín lẹ́nu.”