Ajá Tó Bá Àtàndá Sáré

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán, bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e? Àtàndá ló fà á, ọmọ Ẹ̀pẹ́ tó ń fọ ìkòkò nínú ọkọ̀ òkun, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń jẹ èédú.

Ọkọ̀ wọn gúnlẹ̀ sí ìlú òyìnbó kan tí gbogbo ayé ti wá díje eré ọ̀nà jíjìn. Àtàndá ní òun náà á sá a. Kì í ṣe ife ẹ̀yẹ ló ń wá. Láti ìgbà tó ti kúrò nílé, Sùbérù, ọ̀gá rẹ̀ ní ilé ìdáná, nìkan ló ń pe orúkọ rẹ̀. "Bọ́ì" làwọn tó kù ń pè é. Wọ́n sì ní ẹni tó bá sá eré yìí dópin, wọn á ké orúkọ rẹ̀ kí gbogbo èrò gbọ́.

Ó so ẹran gbígbẹ tó kù nínú èyí tí ìyá rẹ̀ dì fún un mọ́dìí. Tóun bá parí, òun á jẹ ẹ́.

Kò pẹ́ tí wọ́n fi fi í sílẹ̀. Àwọn yòókù ní èèyàn tó ń gun kẹ̀kẹ́ tẹ̀lé wọn, tó ń fún wọn lómi. Òun ò ní. Àgbàdo lọ́tùn-ún, àgbàdo lósì, eruku láàárín. Nígbà tí ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn pọ̀ jù, ó kí ara rẹ̀: "Àtàndá, o kú iṣẹ́." Ó tún dá ara rẹ̀ lóhùn: "A dúpẹ́ o."

Ibẹ̀ ni ajá kan tó ga tó ọmọ màlúù ti gbóòórùn ẹran. Ó gbá tì í. Àtàndá yà sínú igbó ẹ̀gún. Ẹ̀gún gba ẹsẹ̀ ṣòkòtò kan, ajá gba èkejì. Nígbà tí èémí fẹ́ pin, ó tú ẹran, ó jù ú sẹ́yìn. Ajá gbé e, ó ṣíwájú rẹ̀, ó lọ.

Ó yẹ kó dúpẹ́. Àmọ́ gbogbo rẹ̀ tún parọ́rọ́, kò sí èèyàn, kò sí ajá mọ́ pàápàá, ó wá rántí pé iṣẹ́ ọwọ́ ìyá òun ló lọ yẹn.

"Ajá, jọ̀ọ́, jẹ́ ká jọ jẹ ẹ́."

Ló bá gbá ti ajá, nínú ẹ̀gún kan náà.

Àṣé ajá ẹni tó ń ṣọ́ pápá ìdíje ni. Ilé ló ń lọ. Ó kọjá ìlà òpin eré, Àtàndá kọjá tẹ̀lé e. Èrò ti túká, ẹni tó ń ké orúkọ ti lọ jẹun. Sùbérù nìkan ló jókòó láàárín àwọn àga òfìfo. Ó dìde, ó fi gbogbo agbára ké e: "Àtàndá, ọmọ Ẹ̀pẹ́!"

Ó wá wo ṣòkòtò rẹ̀. "Kí lo wá dénú ẹ̀gún?"

"Ajá ló lé mi, ẹ̀gbọ́n."

"Ajá wo? Èyí tó ṣáájú rẹ dé yìí?"

"Nígbà tó yá, èmi ni mò ń lé e."

Sùbérù rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi padà dé Ẹ̀pẹ́, ibẹ̀ làwọn àgbà ti gbọ́ ọ. Ẹni tó bá jiyàn, Àtàndá á ká ṣòkòtò sókè kó lè rí àpá ẹ̀gún. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ní ẹnìkan kì í sáré nínú ẹ̀gún lásán: bí kò bá lé nǹkan, nǹkan ń lé e. Ti Àtàndá, méjèèjì ni.