Àtẹ Ọdún Tó Kó Wa Dé Ọsibítù

Bí mo bá dàgbà tó ìyá ọkọ mi, tí mo sì gbàgbé orúkọ ara mi, ọjọ́ Ìtúnu Ààwẹ̀ kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi. Kì í ṣe pé mo fẹ́ máa rántí rẹ̀. Àwọn ará ilé ọkọ mi ni kò jẹ́ kí n gbàgbé. Títí di òní, bí mo bá gbé ìkòkò kaná lásán, ẹnì kan á yọjú wá wo ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ìsàlẹ̀ Èkó ni ilé wa wà, agboolé ńlá tí ọkọ mi àti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ wọn, tí Alhaja, ìyá wọn, sì jẹ́ olórí gbogbo wa. Bí àwọn ọmọ bá ti ti yídì dé lọ́jọ́ ọdún, wọ́n á tò síwájú Alhaja nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, á sì ṣí àtẹ ọdún fún wọn: súwíìtì, ṣinṣín, àgbọn tí wọ́n fi ṣúgà sè, gbogbo ohun tó ń dùn mọ́ ọmọdé lẹ́nu. Àwa ìyàwó ilé la máa ń ṣe àtẹ náà. Bó bá kan ẹnì kan lọ́dún yìí, ẹlòmíràn ló máa ṣe ti ọdún tó ń bọ̀.

Àtẹ yìí ni ìṣòro mi. Fàrídà, ọmọ mi, kò lè jẹ ohunkóhun tí wọ́n bá da àwọ̀ inú ìgò sí. Bó bá ti lá súwíìtì pupa báyìí, ara rẹ̀ á sú, á sì máa họ ọ́ títí a ò fi ní lè sùn. Dókítà tó ń tọ́jú rẹ̀ ti ní kí n máa yẹra fún àwọ̀ náà. Nítorí náà, bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń pariwo nídìí àtẹ, inú yàrá ni Fàrídà máa ń wà pẹ̀lú bisikíìtì lọ́wọ́, á máa yọjú wò wọ́n. Ó máa ń dùn mí ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Ìyá Sódíìkì, ìyálé mi, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi àgbà, kò tilẹ̀ gbà pé nǹkan kan ń ṣe ọmọ náà.

"Àwọ̀ wo?" ló máa ń wí. "Gbogbo wa la lá a dàgbà. Ìwé tó o kà ló ń yún ọmọ ẹ."

Lọ́dún tó wá kàn mí láti ṣe àtẹ, mo ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà mi. Fàrídà á jókòó sáàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́dún yìí. Ká ní mo dákẹ́, kí n lọ se ohun tí mo fẹ́ sè, kò bá má sí wàhálà kankan. Ṣùgbọ́n ẹnu mi kì í gbélé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bí a ṣe ṣínu tán, mo dìde láàárín gbogbo ilé, mo kéde pé kò ní sí àwọ̀ kẹ́míkà kankan lórí àtẹ ọdún yìí.

Alhaja gbé ife omi rẹ̀ sílẹ̀. "Ìyàwó, ṣé àtẹ tí ò láwọ̀ lo fẹ́ gbé síwájú mi lọ́jọ́ ọdún?"

"Rárá o, Alhaja," mo dáhùn. "Àwọ̀ á wà. Pupa á wà, yẹ́lò á wà, gíríìnì á wà. Èyí tí Ọlọ́run dá mọ́ oúnjẹ ni mo fẹ́ lò. Yóò tàn ju ti ṣọ́ọ̀bù lọ."

Ìyálé mi bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló ká mi lára. Láti ìgbà náà, bí n ó ṣe fi àwọ̀ dójú tì í ni mo ń rò, n kò fi bẹ́ẹ̀ rántí Fàrídà mọ́.

Lọ́jọ́ tí a ń retí oṣù, mo jí lọ sọ́jà ní Lafiaji. Mo ra sóbò, mo ra ata ilẹ̀ pupa tí inú rẹ̀ máa ń yẹ́lò, mo ra ewé ùgwú, mo sì ra bíítírúùtù, ohun roboto tó pupa dénú yẹn, ó kún báàgì. Obìnrin tó tà á fún mi bi mí bóyá ọ̀nà ọsibítù ni mò ń gbé e lọ, torí àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò tó ló sábà máa ń rà á. Ì bá ṣe pé mo fetí sí i dáadáa.

Ṣinṣín ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mo rẹ sóbò títí omi rẹ̀ fi pupa, mo fi po ìyẹ̀fun, inú mi ń dùn. Àṣé pàúdà tó ń mú ìyẹ̀fun wú, tí mo ti dà sí i, kò bá sóbò rẹ́. Lójú mi níbẹ̀, ohun tó ń pupa bọ̀ di àwọ̀ eérú, ó wá rí bíi sìmẹ́ńtì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pò. Ìyálé mi ń kọjá lọ bu omi, ó dúró, ó wo inú ọpọ́n.

"Ìyá Fàrídà," ó ní, "ilé lo fẹ́ kọ́ ni?"

Mo dín in bẹ́ẹ̀, torí n kò lè da ìyẹ̀fun tó pọ̀ tó yẹn nù. Mo bọ́ sórí ùgwú, ṣúgà tí mo fi sè é ń rùn bí ọbẹ̀, mo dà á sí gọ́tà. Ata ilẹ̀ pupa ní tirẹ̀ kò kùn súwíìtì kankan dáadáa, ọwọ́ mi ló kùn, pẹ̀lú abọ́ funfun tí Alhaja gbé bọ̀ láti Mẹ́kà. Mo fọ abọ́ náà títí, yẹ́lò yẹn ò kúrò. Mo bá fi aṣọ bò ó, mo gbé e sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù.

Gbogbo ìrètí mi wá kù sórí bíítírúùtù. Mo lọ̀ ọ́, mo fún omi rẹ̀ sórí àgbọn tí mo ti rin, mo da ṣúgà sí i, mo gbé e kaná. Ó kọ́kọ́ pupa débi pé mo rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò pẹ́ ni iná sọ ọ́ di àwọ̀ igi. Mo tún da omi bíítírúùtù sí i, ó tún pupa, iná tún fà á lọ. Inú bí mi. Mo bá lọ gbogbo èyí tó kù nínú báàgì, mo dà á lé e tòun ti èérún rẹ̀, mo sì sọ ọ́ kalẹ̀ kúrò lórí iná kíákíá. Lọ́tẹ̀ yìí, ó pupa o, ó pupa bí ẹní bù ú láti inú igbá osùn.

Ohun tí kò jẹ́ kí n mọ̀ pé ó ti pọ̀ jù ni pé mo wà lẹ́nu ààwẹ̀. N kò lè tọ́ ọ wò. Àwọn ìyàwó ilé yòókù náà ń gbààwẹ̀. Mo lè pe ọmọdé kan, ṣùgbọ́n mo fẹ́ kó bá wọn lójijì. Ká tó ṣínu tán, wọ́n ti kéde lórí rédíò pé oṣù ti lé, ọ̀la lọdún. Kò sí àyè àtúnṣe kankan mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn ọmọ ti yídì dé nínú jàlábíà funfun àti léèsì funfun wọn. Funfun ni gbogbo wọn wọ̀, n kò sì tilẹ̀ ronú kan ìyẹn. Alhaja ṣí àtẹ. Àgbọn pupa yẹn ń dán gbinrin, wọ́n sì bò ó. Fàrídà wà láàárín wọn, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kún, kò sì họra rárá. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

"Anti, ó dà bí ẹní ń jẹ erùpẹ̀," ni ọ̀kan nínú wọn wí. Ó sì tún mú òmíràn.

Omi inú àgbọn náà kò tíì gbẹ. Wọ́n ń fi ọwọ́ nu àyà, wọ́n ń fi ọwọ́ nu ìdí. Nígbà tí àwọn ìyá wọn fi máa pè wọ́n wá ya fọ́tò, gbogbo wọn ti dà bí ọmọ alápatà. Èébú tí mo gbà lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn kò ṣeé kọ sílẹ̀. Mo ń bẹ̀ wọ́n, mo ní n ó fọ jàlábíà ọmọ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n bá ti bọ́ ọ. Mo rò pé wàhálà mi ti parí síbẹ̀.

Kò tíì bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ìrun Àsárì, Sódíìkì ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, ó di ṣòkòtò rẹ̀ mú.

"Mọ́mì," ó ní, "ẹ̀jẹ̀ ni mo tọ̀."

Ìyálé mi sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Kó tó yẹ̀ ẹ́ wò tán, ọmọ kejì ní tòun náà pupa. Àwọn ọmọkùnrin tó kù sáré lọ sídìí gọ́tà láti wo tiwọn, wọ́n sì ń pariwo bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Fàrídà náà ti ilé ìtọ̀ jáde, ó ní tòun náà pupa.

"Kí lo fún àwọn ọmọ jẹ?" ni ìyálé mi bi mí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀, ìyẹn ló wá dẹ́rù bà mí. Mo rò pé mo ti pa ọmọ gbogbo ilé, pẹ̀lú ti èmi fúnra mi.

Báyìí la ṣe tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ gba àárín àdúgbò lọ́jọ́ ọdún, àwọn ọmọ nínú aṣọ tó rí bí ẹ̀jẹ̀, àwọn ìyá ń sunkún, èmi lẹ́yìn, wọ́n ń bi wá ní ojúlé kọ̀ọ̀kan pé ta ló ṣe wọ́n báyìí. Dókítà kékeré kan ló wà ní ọsibítù. Ó gbọ́ ẹjọ́ wa tán, ó wo ọwọ́ mi, tó pupa lápá kan tó yẹ́lò lápá kan.

"Mà, ṣé bíítírúùtù wà nínú ohun tí wọ́n jẹ?"

"Ó wà ńbẹ̀," mo dáhùn.

"Ó pọ̀?"

"Báàgì kan ni."

Ó fi orí lé tábìlì, ó rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. Ó ní àwọ̀ rẹ̀ ló ń bá ìtọ̀ jáde, kí á fún wọn lómi, kí á máa lọ jẹ ọdún wa.

Nílé, ìyálé mi kó gbogbo ẹbí jọ síwájú Alhaja. Ó ní kí wọ́n gba àtẹ lọ́wọ́ mi títí ayé. Kò sẹ́ni tó gbèjà mi, ọkọ mi ń wo ilẹ̀. Alhaja yíjú sí mi.

"Dókítà yẹn," ó ní, "ṣé ó dá a lójú pé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀?"

"Ó dá a lójú, Alhaja."

"Àgbàlagbà ńkọ́? Ṣé tàgbàlagbà náà lè pupa?"

Gbogbo wa wò ó. Alhaja ní ìtọ̀ ṣúgà. Ṣúgà inú tíì rẹ̀ gan-an, ṣe la máa ń fi pamọ́ fún un. Ó tún gèlè rẹ̀ ṣe, ó ní láti Àsárì tí tòun náà ti pupa lòun ti ń ka kálímà nínú yàrá, òun ti gbà pé ọjọ́ ti pé. Ọmọ rẹ̀ àgbà fẹ́ sọ̀rọ̀, ó ní kó dákẹ́. "Ẹ fi ìyàwó mi sílẹ̀," ló wí. "Òun ni yóò tún àtẹ Iléyá ṣe, kó wá mọ̀ ọ́n ṣe." Bí wọ́n ṣe tú ká nìyẹn.

Mo wà nídìí jàlábíà títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, mò ń fọ̀, mo sì ń ṣépè fún ara mi. Mo gbójú sókè, mo rí Fàrídà àti Sódíìkì lórí àtẹ̀gùn. Àgbọn tí kò gba inú ìkòkò lánàá, tí mo kàn fi ṣúgà yan lásán, ni wọ́n ń jẹ. Funfun báláú ni. Wọ́n ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán, kò sì sí ẹni tó béèrè àwọ̀ kankan nínú wọn. Mo mú ọwọ́ kúrò nínú omi ọṣẹ. Àwọ̀ ni mò ń sá fún nítorí ọmọ mi, àwọ̀ náà ni mo sì ń fi gbogbo agbára mi wá kiri, kí obìnrin kan lè yéé fi mí rẹ́rìn-ín. Bí oúnjẹ bá ti wà bó ṣe wà, ó ti tó ọmọdé. Lójú tèmi ni kò tó.

Nígbà tí Iléyá dé, ìyálé mi dúró tì mí nídìí ààrò látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Àgbọn funfun, ṣinṣín tí a dín bí a ṣe ń dín in, kò sí nǹkan mìíràn. Àwọn ọmọ bò ó bíi tàtẹ̀yìnwá. Sódíìkì nìkan ló ń tú ìsàlẹ̀ àtẹ wò.

"Anti, pupa yẹn dà?"

Mo ní kò sí pupa mọ́ láéláé. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. "A ti ta tẹ́tẹ́ lé e. A fẹ́ wo ẹni tí tiẹ̀ máa pupa jù."

"Tèmi ló pupa jù nígbà yẹn," ni Fàrídà wí láàárín wọn, ẹnu rẹ̀ kún. Wọ́n bá ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wọn, ó ń bá wọn jiyàn, ó ń fi ìgúnpá tì wọ́n. Mo fẹ́ jágbe mọ́ wọn, ẹ̀rín ni mo bá ara mi tí mò ń rín.