Ta Ni Yóò Kọ́kọ́ Tọ́ Abẹ́rẹ́ Náà Wò?

Ẹjọ́ kan bẹ̀rẹ̀ níwájú ààfin Baálẹ̀ wa lánàá, kò sì pẹ́ tó fi wọlé. Ní Pápá Àjàó, ohun tí à ń pè ní ààfin ni pálọ̀ ìsàlẹ̀ ilé alájà kan, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń pariwo gidi, tí kò sì tutù. Àwọn nọ́ọ̀sì pa àgọ́ síwájú ibẹ̀, wọ́n ń fún àwọn ọ̀dọ́ ní abẹ́rẹ́ àfikún Kòrónà, èyí tí gbogbo àdúgbò ń pè ní búsítà. Wọ́n ní tó bá ti di agogo mẹ́rin, àwọn ń palẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ibẹ̀ ni tọkọtaya kan ti ń fa ọmọ wọn lápá ọ̀tún àti lápá òsì, títí nọ́ọ̀sì fi ní kí wọ́n lọ bá Baálẹ̀.

Ìyàwó ni Motọ́lání, tíṣà ní Yaba, obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ láìgbé ìka sókè. Ọkọ ni Abọ́dúndé, tó ń rán ìjókòó mọ́tò. Ọmọ ni Ayọ̀miídé, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, tó ní ásímà, àrùn tí í fún èémí mọ́ni láyà. Òun ló ni apá tí wọ́n ń fà, nítorí náà kò sẹ́ni tó bi í ní nǹkan kan.

"Kábíyèsí, kí adé pẹ́ lórí," Motọ́lání kúnlẹ̀. "Dádì Ayọ̀mi fẹ́ pa ọmọ mi."

"Ọmọ ta?" Abọ́dúndé dáhùn láti orí ìdọ̀bálẹ̀ tó wà. "Tí school fees bá dé, ọmọ mi ni. Tí abẹ́rẹ́ bá dé, ó ti di ọmọ tìẹ!"

"Jẹ́ kó rojọ́," Baálẹ̀ ní.

"Kábíyèsí, lásìkò ọyẹ́ tó kọjá, èémí ọmọ yìí há, ọsibítù la bá ara wa. Dókítà ní irú rẹ̀ gan-an ni búsítà wà fún, pé agbára àwọn abẹ́rẹ́ tó gbà tẹ́lẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. Bàbá rẹ̀ kọ̀ jálẹ̀."

"Abọ́dúndé, kí lo rí sọ?"

"Kábíyèsí, èmi ò kàwé púpọ̀, iṣẹ́ ọwọ́ mi ni mo fi ń ronú. Tí mo bá rán ìjókòó mọ́tò tán, ó tán nìyẹn. Tí iṣẹ́ bá dáa, kí ni wọ́n ń fi àfikún ṣe?"

Baálẹ̀ sún síwájú lórí àga. "Ìjókòó Camry mi tó o rán ńkọ́? Ó ti ya."

"Ìyẹn yàtọ̀, Kábíyèsí! Òòrùn ń pa á, ẹ̀yin náà sì ń jókòó lé e lójoojúmọ́. Ó kàn ń fẹ́ kí n fi òwú díẹ̀ tún un rán ni."

"Ó ti ní àfikún wà," Olóyè Jethro wí. Bàbá yìí ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ rélùwéè l'Ébùúté Mẹ́ta. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ìgbìmọ̀ Baálẹ̀ ni kó máa sùn, kó sì máa jí nígbà tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ kó jí.

Abọ́dúndé yí ohùn padà. "Àti pé mi ò lè dá a ṣe, Kábíyèsí. Mọ̀lẹ́bí ló ni ọmọ. Mo ti ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá mi l'Ógbómọ̀ṣọ́, wọ́n ní ká dúró di ìpàdé ẹbí lẹ́yìn Kérésì."

"Ásímà náà ńkọ́?" Motọ́lání bi í. " Ṣé ẹ ti ránṣẹ́ sí i pé kó dúró di ẹ̀yìn Kérésì?"

"Kábíyèsí, mo ní ẹlẹ́rìí. Ṣàfíù nìyí, a jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Ṣàfíù, sọ irú èèyàn tí mo jẹ́ fún wọn."

Ṣàfíù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Kábíyèsí, ọ̀gá mi ò gba abẹ́rẹ́ gbọ́ rárá. Kódà, lọ́jọ́ tí wọ́n ń gún wọn ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ṣe ni wọ́n ń ṣépè."

Motọ́lání yíjú sí Ṣàfíù.

"Ẹlẹ́ẹ̀kẹta wo?" Motọ́lání bi í.

"Búsítà ni, Àǹtí. Ẹ ò mọ̀ ni? Nígbà tá à ń lọ ra awọ ní Kùtọnu, wọ́n ní ẹni tí ò bá gbà á ò ní kọjá. Ọ̀gá ló kọ́kọ́ ká apá aṣọ sókè."

"Ṣàfíù!" Abọ́dúndé figbe ta. "Mo ní kó o sọ irú èèyàn tí mo jẹ́, ta ló ní kó o sọ ohun tí mo ṣe?" Ó yíjú sí Baálẹ̀. "Kábíyèsí, abẹ́rẹ́ ìrìn-àjò lèmi gbà. Kì í ṣe ti àrùn."

"Ṣé abẹ́rẹ́ náà wá sọ̀kalẹ̀ lára ẹ nígbà tẹ́ ẹ dé bọ́dà?" Olóyè Jethro bi í.

Motọ́lání bú sẹ́rìn-ín, ó tún gèlè so. "Ẹ rí alábòsí! Kábíyèsí, ẹ dá mi láre kí n máa mú ọmọ mi lọ."

"Ó dáa," Baálẹ̀ ní. "Ìwọ ńkọ́? Mélòó lo ti gbà?"

"Èmi kẹ̀, Kábíyèsí?"

Ẹni tí wọ́n bi ní mélòó, tó ń dáhùn pé 'èmi kẹ̀', ẹ ti mọ iye rẹ̀. Nọ́ọ̀sì Jael tó tẹ̀ lé wọn wọlé ò tiẹ̀ jẹ́ ká ṣírò.

"Kábíyèsí, mo mọ Àǹtí yìí dáadáa. Gbogbo ìgbà tá a bá wá, àwọn ló ń bá wa to ìlà. Wọ́n á pariwo, wọ́n á máa ti àwọn èèyàn síwájú. Tó bá wá ku àwọn nìkan, àá wá wọn tì."

"Omi ni mo lọ bù!"

"Látọdún wo, Àǹtí?"

"Kábíyèsí, ẹni tó ń to ìlà kì í wọ ìlà," Motọ́lání gbé ìka sókè. "Ẹ ti rí tíṣà tó to ara rẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ ní àsẹ́ńbìlì rí?"

Kó lè yé gbogbo wa: ẹni tó sọ pé kò wúlò ti gbà á lẹ́ẹ̀mẹta, ẹni tó sọ pé oògùn gidi ni kò tíì gba ẹyọ kan. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé láti rẹ́rìn-ín.

"Ayọ̀miídé," Baálẹ̀ pè é, "ìwọ ńkọ́?"

"Ó fẹ́ ẹ!" ni ìyá wí.

"Kò fẹ́ ẹ!" ni bàbá wí.

"Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń jẹ́ Ayọ̀miídé?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀. Ínhélà rẹ̀, ike kékeré tó máa ń fọ́n sẹ́nu bí èémí bá há, wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mo fẹ́ gbà á, Kábíyèsí. Dókítà ti ṣàlàyé fún mi, ó sì yé mi. Lọ́jọ́ tí èémí mi há, Mọ́mì ń sọ pé ẹ̀bi Dádì ni, Dádì ń sọ pé ẹ̀bi Mọ́mì ni. Mò ń nawọ́ sí ínhélà lórí tábìlì, kò sẹ́ni tó rí mi. Ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ń bà mí díẹ̀. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan di ọwọ́ mi mú láìfà á ni."

Olóyè Jethro ò sùn mọ́. Abọ́dúndé ń wo ilẹ̀. Baálẹ̀ wo aago, ó wúkọ́.

"Ẹ gbọ́ ìdájọ́. Nílẹ̀ wa, ẹni tó bá gbé àgbo fún ọmọdé, òun ló ń kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Motọ́lání, ìwọ lo gbé e wá. Wàá jókòó kí wọ́n gún ọ ní ẹlẹ́ẹ̀kíní tìẹ lójú ọmọ yìí, kó tó kàn án. Abọ́dúndé, títí di agogo mẹ́rin, ìwọ ni wàá máa to ìlà. Gbogbo bàbá tó bá ń jiyàn, kó o ká apá aṣọ sókè, kó o fi ojú abẹ́rẹ́ ìrìn-àjò hàn án. Lọ́la, kó o wá fún ìjókòó mi ní búsítà."

"Kábíyèsí ò!"

"Mi ò tíì parí. Fún oṣù kan gbáko, ẹ̀yin méjèèjì á máa wọ ìbòmú nínú ilé yín. Kì í ṣe torí Kòrónà o. Ẹnu yín ló ń lo afẹ́fẹ́ tó yẹ kí ọmọ yìí fi mí."

A tú síta lọ wòran. Abọ́dúndé ti wọ ìbòmú tirẹ̀, ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó rántí, ó panu mọ́. Motọ́lání jókòó sórí àga oníke. Nọ́ọ̀sì Jael ò tíì yọ òwú jáde tí Motọ́lání fi ń pe Jésù, tó ń pe ìyá tó bí i. Ó di ojú méjèèjì pa.

Ayọ̀miídé fi ínhélà sápò, ó na ọwọ́, ó di ọwọ́ ìyá rẹ̀ mú.

"Mọ́mì, ẹ rọra máa mí," ó ní. "Ẹ rọra máa mí."